Bí Ìbò Bá Di Ọ̀ranyàn, Ta Ni Ká Kọ́kọ́ Mú?

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni gbólóhùn kan ti ń bá mi kiri. Bí mo bá wọ ọkọ̀ láti Nyanya lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, á sọ sí mi lọ́kàn. Bí mo bá ń gbọ́ ìròyìn lálẹ́, tí olóṣèlú kan ń rojọ́ pé àwọn ará ìlú ò bìkítà, á tún sọ. Gbólóhùn náà ni pé: "Ẹ má fi ìyà tó jẹ mí ṣe òṣùwọ̀n fún ẹlòmíràn." Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Mararaba ló sọ ọ́ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, lọ́jọ́ tí gbogbo wa ń fa ọ̀rọ̀ ìbò ọ̀ranyàn mọ́ ara wa lọ́wọ́.

Àbá òfin tó fẹ́ sọ ìbò dídì di ọ̀ranyàn ò ṣàjèjì sí ẹni tó ń ka èyí. Tajudeen Abbas, Abẹnugan Ilé Aṣojú-ṣòfin, àti Daniel Ago tó wá láti ìpínlẹ̀ Plateau ló gbé e wá. Ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún, ó kọjá ìkàwé kejì. Ẹni tó bá ti dàgbà tó láti dìbò tí kò sì dì í, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn tí kò ju 100,000 náírà lọ ni tirẹ̀. Ariwo sọ, àwọn agbẹjọ́rò fárígá. Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù kan náà, Abẹnugan kéde pé òun ti fà á sẹ́yìn, pé Ilé yóò wá ọ̀nà tí yóò fi fa àwọn èèyàn mọ́ra dípò kí wọ́n fi ipá mú wọn.

Ọ̀pọ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Èrò tó bí àbá náà ṣì wà nínú wa, àní nínú àwọn tó bú àwọn aṣòfin jù pàápàá: èrò pé ọ̀lẹ àti aláìbìkítà ni ẹni tí kò dìbò. Èrò yẹn ni mo fẹ́ bá wọ̀yá ìjà.

Ẹjọ́ tí Bàbá Alága rò

Ó yẹ kí n sọ ẹjọ́ tí alága ẹgbẹ́ wa rò bó ṣe rò ó gan-an, nítorí ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá náà, ó sì ti pẹ́ ní Abúja tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń bá àwọn Gbagyi sọ èdè wọn. Ó ní ká gbé ìbò ààrẹ ọdún 2023 yẹ̀ wò. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ jẹ́ 93,469,008. Àwọn tí ẹ̀rọ BVAS yẹ̀ wò tó sì gbà wọlé jẹ́ 25,286,616. Ẹni tó wọlé ní ìbò 8,794,726.

"Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀," ni bàbá wí. "Nínú ẹni mẹ́wàá tí orúkọ wọn wà nínú ìwé, wọn ò pé ẹyọ kan tó dìbò fún ẹni tó ń ṣe ìjọba lé gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lórí. Ṣé bí a ó ṣe máa bá a lọ nìyẹn?"

Kò dúró níbẹ̀, ó mú ọ̀rọ̀ dé orí owó. Gbogbo wa la mọ "dìbò kí o sebẹ̀" tó gbòde nílé, ní Èkìtì, ní 2018. Bàbá ní ohun tó jẹ́ kí ìbò rírà rọrùn ni pé àwọn tó ń jáde kò pọ̀. Bí igba èèyàn bá jáde ní ibùdó tó ní ẹgbẹ̀rin orúkọ, ẹni tó bá ra ọgọ́rùn-ún ó lé díẹ̀ ti ra ibùdó náà tán. Bí gbogbo ẹgbẹ̀rin bá jáde, owó olóṣèlú ò ní ká a. Kò sí ẹni tó rí ọ̀rọ̀ yẹn dá lóhùn lọ́jọ́ náà, èmi náà ò sì tíì rí ibi tó ti ṣẹ́. Òótọ́ ni. Ìbò tí àwọn èèyàn díẹ̀ bá dì, owó díẹ̀ ló ń rà á.

Ibi tí bàbá ti yà kúrò lójú ọ̀nà ni ìgbà tó nàka sí ìyá elélùbọ́.

Ọjọ́ tí ìyá elélùbọ́ lọ dìbò

Garki ni ìyá náà ń gbé nígbà tó forúkọ sílẹ̀. Nígbà tí ọdún 2022 ń lọ sópin, onílé fowó lé owó ilé, agbára rẹ̀ ò ká a mọ́, ó sì kó lọ sí Mararaba bí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe. Ìpínlẹ̀ Nasarawa ni Mararaba wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Abúja ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń sùn síbẹ̀ ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. INEC ti dá ìforúkọsílẹ̀ dúró láti ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún náà, nítorí náà kò sí àyè láti gbé orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé ẹrù rẹ̀. Káàdì rẹ̀ wà ní Mararaba, ibùdó ìdìbò rẹ̀ wà ní Garki, ọ̀nà tó jẹ́ pé bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wà, ọkọ̀ gan-an a máa lò ju wákàtí kan lọ lórí rẹ̀. Ọjọ́ ìbò sì ni ọjọ́ tí ọlọ́pàá máa ń fòfin de ọkọ̀ láti òru títí di ìrọ̀lẹ́.

Ẹ sì rántí bí oṣù kejì 2023 ṣe rí. Wọ́n ń pààrọ̀ owó náírà, owó ò sí nílùú. Àwọn èèyàn ń sun ẹnu ATM, àwọn oní-POS ń ta owó fún wa lówó iyebíye. Ìyá náà yá owó ọkọ̀ lọ́wọ́ obìnrin kan tí wọ́n jọ ń tajà. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ilẹ̀ ìbò yóò mọ́, ó palẹ̀ ọjà mọ́, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Garki, ó sì sùn sórí ẹní nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ tẹ́lẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti wà lórí ìlà. Ọ̀sán ti pọ́n kó tó kàn án. Ó tẹ̀ka. Lẹ́yìn náà, kò sí ọkọ̀ tí yóò gbé e padà, ó jókòó ti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì títí oòrùn fi wọ̀. Alẹ́ ló dé Mararaba, láìpa kọ́bọ̀, ní Sátidé tí ọjà èlùbọ́ máa ń yá jù.

Ìtàn yìí ni Bàbá Alága fi ṣe ẹ̀rí. "Ẹ wo ìyá yìí! Àgbà ni, kò ní mọ́tò, kò lówó lọ́wọ́, síbẹ̀ ó dìbò. Kí wá ni àwáwí ẹ̀yin ọ̀dọ́? Ẹni tí kò bá lè ṣe bíi tirẹ̀, kí ìjọba mú un." Àwọn kan pàtẹ́wọ́.

Ìyá dìde. Ó kí alága, ó kí ilé. "Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ yìn mí, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ má fi ìyà tó jẹ mí ṣe òṣùwọ̀n fún ẹlòmíràn. Ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe é kó tó tẹ̀ka. Ọmọ mi tó ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́ ò lè ṣe é. Obìnrin tó yá mi lówó ọkọ̀, òun náà ò dìbò. Ọ̀nà tirẹ̀ náà jìn, owó kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló sì kó fún mi. Ṣé òun ni wọ́n á wá mú?"

Alága ní ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn, nítorí ọjọ́ ti lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti yí lọ́wọ́ mi. Títí di ìgbà yẹn, ohun tí à ń jiyàn lé lórí ni bóyá ojúṣe ni ìbò dídì. Ìyá náà ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ó gbà pé ojúṣe ni, ó sì ti ṣe tirẹ̀. Ìbéèrè tó gbé sílẹ̀ ni pé ta ló yẹ kó ru ẹrù tó so mọ́ ojúṣe náà. Obìnrin tó yá a lówó gan-an ló sọ ìbò ẹnìkan di ṣíṣe lọ́jọ́ náà. Lójú òfin tí wọ́n fẹ́ ṣe, ọ̀daràn ni.

Ìka tó ṣẹ̀

Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá ìka tó ṣẹ̀ ní 2023. Bí a bá yọ àwọn tí ẹ̀rọ gbà wọlé kúrò nínú àwọn tó forúkọ sílẹ̀, yóò ku 68,182,392. Bí a bá ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan san 100,000 náírà, ó ju tírílíọ̀nù mẹ́fà ààbọ̀ lọ. Bí a bá sì ní ká kó wọn lọ sẹ́wọ̀n, gbogbo àwọn tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ wa lónìí kò tó 100,000, síbẹ̀ àwọn ọgbà náà ti kún àkúnya, púpọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀ ni adájọ́ ò sì tíì dá lẹ́bi ohunkóhun.

Òfin tí kò ṣeé lò fún gbogbo èèyàn, àwọn tí kò lẹ́ni ni wọ́n máa ń lò ó fún. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí bí wọ́n ṣe ń lé àwọn tó ń kiri ọjà ní Wuse àti ní Berger mọ ohun tí mò ń wí. Ọmọ ọ̀gá tó ti fò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kí ìbò tó dé kò ní rí ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọlọ́kadà tí wọ́n dá dúró lójú ọ̀nà Karu ni wọ́n á ní kó mú ẹ̀rí wá pé òun dìbò, bí kò bá sì rí i mú wá, á wá nǹkan fi sí wọn lọ́wọ́. Mo bẹ̀rù èyí ju ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà lọ.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, kí ni ìwé ìjọba mọ̀ nípa ẹni tí kò dìbò? Ẹni tó wá, tí ẹ̀rọ sì gbà wọlé, nìkan ni BVAS mọ̀. Kò mọ ẹni tí ìka tàbí ojú rẹ̀ ò bá èyí tó wà nínú ẹ̀rọ mu. Kò mọ ẹni tó dúró títí tí wọ́n fi ní àkókò ti tó. Aboyún tó ń rọbí, nọ́ọ̀sì tó ń gbẹ̀bí rẹ̀, òkú tí ẹnikẹ́ni ò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn nínú ìwé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀ tí INEC ní òun nílò fún ìbò 2023 lé ní mílíọ̀nù kan, àgùnbánirọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, ibi tí wọ́n rán wọn lọ kì í sì í sábà jẹ́ ibi tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀. Ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ìlà náà ńkọ́? Àwọn tó ń ṣọ́ àpótí ìbò fún wa gan-an ni òfin náà ì bá kọ́kọ́ mú.

Mi ò ní í pẹ́ lórí ohun tí ìwé òfin Nàìjíríà wí, nítorí Fẹ́mi Fálànà àti àwọn agbẹjọ́rò yòókù ti sọ ọ́ yékéyéké: òmìnira ẹ̀rí ọkàn wà nínú rẹ̀. Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà tó wà ní àdúgbò wa kì í dìbò nítorí ìgbàgbọ́ wọn, kò sì sí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀.

Ìdajì òfin tí à ń yá

Ọsirélíà ni gbogbo ẹni tó fẹ́ràn ìbò ọ̀ranyàn máa ń tọ́ka sí, wọn ò sì jayò pa. Nínú ìbò àpapọ̀ wọn ti 1922, àwọn tó dìbò nínú ọgọ́rùn-ún ò pé ọgọ́ta. Wọ́n ṣe òfin ọ̀ranyàn ní 1924. Nínú ìbò ti 1925, àwọn tó jáde lé ní mọ́kànléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Owó ìtanràn ibẹ̀ lónìí jẹ́ ogún dọ́là wọn, ìdá kékeré nínú ohun tí òṣìṣẹ́ wọn ń gbà lọ́jọ́ kan.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n gbé karí ara wọn kí wọ́n tó béèrè lọ́wọ́ ará ìlú. Sátidé ni wọ́n ń dìbò. Ẹni tí kò bá sí ní àdúgbò rẹ̀ lè dìbò ní ibùdó mìíràn nínú ìpínlẹ̀ rẹ̀. Bó bá wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, wọ́n ní ibùdó fún irú wọn. Ó lè dìbò ṣáájú ọjọ́, ó lè fi í ránṣẹ́ nínú lẹ́tà. Wọ́n ń gbé àpótí lọ sí ilé ìwòsàn àti ilé àwọn arúgbó. Àwọn tó ń gbé ní ìgbẹ́ tó jìn réré, ọkọ̀ òfuurufú ni òṣìṣẹ́ ìdìbò fi ń lọ bá wọn. Bí ẹnìkan ò bá tún dìbò pẹ̀lú gbogbo èyí, ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ sí i láti béèrè ìdí, bí ìdí náà bá sì mọ́gbọ́n dání, ọ̀rọ̀ parí. Ọ̀ranyàn ti mú ìjọba tipẹ́ kó tó kan aráàlú. Nílẹ̀ yẹn, èlùbọ́ ni ìyá wa ì bá máa tà lọ ní Sátidé náà, ì bá sì yà dìbò ní ibùdó tó sún mọ́ ọn.

Ní Bràsíl ẹ̀wẹ̀, ọ̀ranyàn ni fún àwọn ọmọ ọdún 18 sí 70, ṣùgbọ́n kò kan ẹni tó bá ti kọjá 70, kò sì kan ẹni tí kò mọ̀wé. Ẹni tó bá rìnrìn àjò lè ṣàlàyé ara rẹ̀. Síbẹ̀, nínú ìbò wọn ti 2022, nǹkan bí ẹnìkan nínú márùn-ún ò jáde. Pàṣán nìkan ò tó. Ìdajì òfin àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí là ń gbìyànjú láti yá, ìdajì tó ń jẹ aráàlú níyà.

Òkè Ọya mọ ohun tó ń sá fún

Ohun kan wà tí àwọn ará ilé ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta lè má tètè mọ̀, tí àwa tí à ń gbé Òkè Ọya mọ̀ dájú. Ní oṣù kẹrin 2011, lẹ́yìn ìbò ààrẹ, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ méjìlá níbí. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, àjọ Human Rights Watch ní àwọn tó kú lé ní 800, àwọn tó sá kúrò nílé wọn sì lé ní 65,000. Àgùnbánirọ̀ mẹ́wàá tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ìdìbò ni wọ́n pa ní Bauchi. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n.

Láti ìgbà náà, bí ìbò bá ti ń sún mọ́lé, ẹ lọ sí ibùdókọ̀ ní Kaduna, ní Kano, ní Jos, ẹ wo àwọn tó ń wọkọ̀. Ọmọ Ọ̀fà àti ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìran bàbá rẹ̀ ń kó ìyàwó àti ọmọ lọ sílé, pé tí ọ̀rọ̀ bá rọlẹ̀, wọn yóò padà. Káàdì ìdìbò wà nínú àpò wọn bí wọ́n ti ń lọ. Ta ló tó pe irú wọn ní ọ̀lẹ? Ìyá tó bá ti rí iná 2011 lójú ara rẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní ìfẹ́ orílẹ̀-èdè. Kí ìjọba kọ́kọ́ fi í lọ́kàn balẹ̀ pé ẹni tó dìbò tí ẹni tirẹ̀ wọlé, àti ẹni tó dìbò tí ẹni tirẹ̀ fìdí rẹmi, á jọ sùn nínú ilé wọn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Iye tó ń já wálẹ̀

Nínú ìbò ààrẹ 2003, wọ́n ní mọ́kàndínláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló dìbò. (Mi ò gba iye ọdún yẹn gbọ́ tán, nítorí èrú pọ̀ nínú rẹ̀.) Ní 2015, ó ti wálẹ̀ sí bíi mẹ́rìnlélógójì. Ní 2019, bíi márùndínlógójì. Ní 2023, bíi mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Kò sí ìwé ìbéèrè, kò sí ìwọ́de, tó sọ ohun tó wà lọ́kàn ará ìlú tó bí iye yìí ti sọ ọ́. Ẹ̀bìtì tí kò peku, ó yẹ kó fẹ́yìn fẹ́lẹ́yìn. Àwọn èèyàn ti kó ìbò wọn sínú ẹ̀bìtì yìí fún ọdún pípẹ́, wọn ò rí eku, wọ́n sì ti ń kó ẹyìn wọn nílẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹ̀wọ̀n lé iye náà sókè ti pa ìyà náà mọ́ lábẹ́ ìwé ni. Ààrẹ tí wọ́n bá fi òfin kó èèyàn jáde fún yóò máa sọ kiri ayé pé àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló jáde nígbà tòun.

Ti Abúja tún le sí i. Ẹni tó ń gbé Lugbe tàbí Kubwa ń dìbò ààrẹ, ó ń yan sẹ́nétọ̀ kan ṣoṣo, aṣojú-ṣòfin, alága káńsù àti káńsẹ́lọ̀. Kò ní gómìnà. Mínísítà tí ààrẹ yàn ló ń pinnu ọ̀nà tí wọn yóò là àti ilé tí wọn yóò wó. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá béèrè pé kí ni ìbò òun ń ṣe gan-an, èsì ló yẹ ká fún un.

Síbẹ̀ mo fẹ́ kí àwọn èèyàn jáde. Mo gbà pẹ̀lú Bàbá Alága pé bí a ò bá jáde, àwọn tó ń pín owó yóò máa ra wá lọ́pọ̀. Nítorí náà, ọ̀ranyàn tí mo fẹ́ rí ni èyí tó máa kọ́kọ́ mú àwọn tó wà nípò: pé kí ọlọ́pàá, àgùnbánirọ̀ àti nọ́ọ̀sì máa dìbò ṣáájú ọjọ́, kí ọkọ̀ èrò díẹ̀ tí wọ́n ti yẹ̀ wò máa rìn lọ́jọ́ ìbò, kí ẹni tó kó kúrò nílé lè gbé orúkọ rẹ̀ dání títí tí ìbò yóò fi kù sí dẹ̀dẹ̀. Oṣù bíi méje tí ìwé fi wà ní títì kí ìbò 2023 tó dé ti pọ̀ jù ní ìlú tí owó ilé ń lé èèyàn káàkiri. Òfin wà tó de ìbò rírà tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n lò ó fún àwọn tó ń gbé owó wá, kí a rí ọ̀gá ńlá kan nílé ẹjọ́, ká tó sọ ti ẹni tó jókòó sílé.

INEC bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 2025, ti ojúkojú sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 25. Ẹgbẹ́ wa ti pinnu pé lẹ́yìn ìpàdé, àwọn ọ̀dọ́ tó mọ fóònù lò yóò jókòó ti àwọn àgbà, kí ẹni tí ibùdó rẹ̀ jìnnà síbi tó ń gbé lè gbé orúkọ rẹ̀ wá sítòsí. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ náà lè wá. A sì ń kọ orúkọ àwọn tí kò rí ìbò 2023 dì sílẹ̀, pẹ̀lú ìdí tí kálukú fi sọ. Bàbá Alága ló ní ká kọ ọ́, òun ló sì fẹ́ fọwọ́ sí lẹ́tà tí a ó fi mú un lọ fún àwọn aṣojú-ṣòfin méjèèjì tó wà fún Abúja.